Ìhòòhò ni àgbàdo wọ oko: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àtúnṣe irú ọ̀gbìn

Irúgbìn là ń tà lójú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, a sì máa ń gbé ọmọ tòmátì àti ọmọ ata dàgbà fún àwọn tí kò ráyè ṣe é. Àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń dáko lẹ́bàá odò Asà ń yà lọ́dọ̀ wa, àwọn àgbẹ̀ àgbàdo láti apá Ọ̀fà ń yà, olùkọ́ kan sì wà ní Òmù-Àrán tó máa ń kó ìbéèrè àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá sórí bébà. Ìbéèrè kan náà la máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín oṣù kan, nítorí náà la ṣe kọ wọ́n síbí.

Kí ni ẹ ń pè ní àtúnṣe irú gan-an?

Ìyá yín àgbà tó so ṣírí àgbàdo mẹ́ta mọ́ àjà ilé ìdáná, tó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, bí ebi fẹ́ kí ó pa ilé, irú ló ń mú. Ó ti wo gbogbo oko, ó ti yan èyí tó wù ú, ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rí lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń ṣe kò kúrò níbẹ̀, ohun mẹ́ta ni wọ́n fi kún un. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kì í fi ìgbéyàwó sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti oyin, àwọn fúnra wọn ló ń yan bàbá àti ìyá. Wọ́n sì ń gbin àwọn ọmọ sí ibi púpọ̀, wọ́n á máa jù wọ́n nù lọ́dọọdún títí yóò fi ku ọ̀kan tàbí méjì nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ohun tí yíyàn nìkan lè ṣe kọjá bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ sí í yan irú lára koríko kan tí kóró rẹ̀ kò ju bíi mẹ́wàá lọ, tí èèpo rẹ̀ sì le bí òkúta. Koríko yẹn ló di àgbàdo. Kábéèjì, broccoli àti cauliflower tí wọ́n ń kó wá láti Jọ́ọ̀s, irú kan náà ni gbogbo wọn: ẹnì kan ń yan ewé, ẹlòmíràn ń yan òdòdó, títí wọn kò fi jọra mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń so ọ̀gbìn méjì pọ̀?

Ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan ló ní àṣà ìgbéyàwó tirẹ̀.

Lára àgbàdo, akọ wà lórí, abo wà ní ìbàdí. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó ń jò lókè ni akọ, òun ló ń gbọn lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀. Irun tó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo ni abo, fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ló sì lọ bá kóró kan ṣoṣo nínú. Fọ́nrán tí lẹ́búlẹ́bú kò bá kàn, àyè kóró rẹ̀ á ṣófo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí òjò bá dá dúró lọ́sẹ̀ tí àgbàdo ń yọ irun, ẹ ó bó o, ẹ ó bá a bí ẹnu arúgbó tí eyín ti yọ dànù. Ẹni tó fẹ́ so irú méjì pọ̀ á fi àpò bébà bo ọmọ àgbàdo kí irun tó yọ, á fi òmíràn bo ìrùkẹ̀rẹ̀ bàbá tó yàn. Tó bá di àárọ̀, á gbọn lẹ́búlẹ́bú inú àpò sórí irun, á tún bò ó padà, á sì kọ ọjọ́ sí i lára.

Tòmátì yàtọ̀. Inú òdòdó kan náà ni akọ àti abo ń gbé, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ra wọn kí àlejò tó dé. Nítorí náà wọ́n ní láti fi ẹ̀mú kékeré yọ akọ nígbà tí òdòdó ṣì wà ní dídì, kí wọ́n tó fi lẹ́búlẹ́bú ti ẹlòmíràn ra abo tó kù. Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe é, òdòdó kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní owó páálí kékeré tí wọ́n ń di irú tòmátì sí ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni owó náà wọlé sí.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ń gbìn ín láti kékeré ni kò mọ̀ pé ó ń so. Ó ń so èso kóńkóló tó ní ìhà mẹ́fà, kóró mẹ́ta ló sábà ń wà nínú rẹ̀, tó bá gbẹ á ta gbà lójú oòrùn. Òdòdó abo ló ń kọ́kọ́ là, akọ á tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kóró kọ̀ọ̀kan tó bá hù, ìwà tirẹ̀ ló ní, bí ọmọ ìyá tí wọn ò fi ojú jọra. Àmọ́ tí wọ́n bá ti rí èyí tó wù wọ́n, wàhálà parí: igi rẹ̀ ni wọ́n á máa gé gbìn, gbogbo igi náà á sì jẹ́ ẹnì kan náà títí ayé.

Ẹ̀gẹ́ mi, mo ń gé e gbìn lọ́dọọdún. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kí n má gbin kóró tòmátì F1 padà?

Ìdáhùn ti wà nínú ọ̀rọ̀ òkè yẹn díẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ, òun fúnra rẹ̀ náà ni. Kóró ni ọmọ.

F1 túmọ̀ sí ọmọ àkọ́kọ́ tí bàbá àti ìyá tó yàtọ̀ síra bí. Lọ́dún 1866, àlùfáà Kátólíìkì kan ní ìlú Brno, Gregor Mendel, tẹ ìwé jáde lórí ohun tó rí nígbà tó so irú ẹ̀wà òyìnbó gíga pọ̀ mọ́ kúkúrú. Gíga ni gbogbo ọmọ. Nígbà tó gbin kóró àwọn ọmọ náà, kúkúrú tún yọ jáde: nínú mẹ́rin, ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí títí di 1900, bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń sọ ọmọ ní Babátúndé ti mọ̀ tipẹ́ pé ojú bàbá àgbà lè fo ọmọ kó wá jókòó sójú ọmọ-ọmọ. Tẹ́ ẹ bá gbin kóró F1, gbogbo bàbá àgbà àti ìyá àgbà ló máa yọjú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á so ńlá, ìkejì á so wẹ́wẹ́, ìkẹta á gba àrùn tí ìyá rẹ̀ kò gbà. Kì í ṣe pé kò ní hù o. Á hù.

Kì í ṣe gbogbo irú tuntun ni F1. Àgbàdo tí wọ́n tún ṣe wà tẹ́ ẹ lè mú irú lára rẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó ra òmíràn. Ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Kí ni àtúnṣe irú ti ṣe fún wa rí? Ọ̀rọ̀ ọ̀fìsì ni mo máa ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀gẹ́. Àrùn kan wà tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tó ń mú kó ní àbàwọ́n funfun àti ìyeyè, tí kò sì ní jẹ́ kó ta dáadáa. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ní ibùdó ìwádìí Amani, ní orílẹ̀-èdè tó di Tanzania lónìí, àwọn onímọ̀ so ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan tó jẹ́ igi ńlá, tí wọ́n ń gbìn nítorí oje rọ́bà. Igi yẹn kò ní iṣu tó ṣe é jẹ, àmọ́ àrùn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un. Wọ́n ń so àwọn ọmọ rẹ̀ padà mọ́ ẹ̀gẹ́ léraléra, kí iṣu lè padà bọ̀ kí ara líle náà má sì lọ. Kóró ìran yẹn dé ibùdó ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ìdílé yẹn ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti mú ẹ̀gẹ́ TMS 30572 jáde. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn bàbá wa ń pè ní ti àgíríìkì, tó kún gbogbo oko Ìgbómìnà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní ẹ̀jẹ̀ igi rọ́bà yẹn lára.

Àgbàdo náà ní ìtàn tirẹ̀. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tó ń fò láti ewé dé ewé ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ìlà funfun gbọọrọ sí ewé àgbàdo, tó sì lè jẹ́ kí oko kan má so ohunkóhun. IITA wá irú tí kò gbà á, wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀bùn King Baudouin lórí rẹ̀ ní 1986.

Ṣùgbọ́n àgbàdo àgíríìkì kì í pẹ́ tí kòkòrò fi ń wọ̀ ọ́. Ti àwọn bàbá wa kì í rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ lẹ sọ, inú mi sì dùn pé ẹ bi mí.

Àwọn àgbà ní ìhòòhò ni àgbàdo wọ oko, igba aṣọ ló wọ̀ bọ̀. Àgbàdo àtijọ́ wọ aṣọ yẹn kọjá orí, ó sì fún un ní ọrùn bí ẹni so ẹnu àpò. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú irú tuntun àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ń wá ni kí àgbẹ̀ rí àpò púpọ̀ kó lórí ilẹ̀ kékeré. Wọ́n rí i. Ọmọ àgbàdo gùn, ó sanra, àmọ́ aṣọ kò gùn tó o mọ́: orí rẹ̀ yọ síta. Láti inú oko lọ́hùn-ún ni kòkòrò ti ń gba orí yẹn wọlé, ẹ̀yin á wá rò pé inú àká ló ti bẹ̀rẹ̀. Kóró tó rọ̀ sì tún ń dùn mọ́ kòkòrò lẹ́nu ju èyí tó le gbagidi lọ.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra irú lọ́wọ́ mi pé kó má bi mí bóyá ó dára. Ohun tí wọ́n yàn án fún ni kí ẹ bi mí. Irú kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí wọ́n wá, ó sì ní ohun tí wọ́n gbàgbé. Ẹni tó fẹ́ ta àgbàdo tútù fún àwọn alágbàdo sísun ní òpópónà, kí ló kàn án pẹ̀lú aṣọ tó gùn? Ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ di oṣù kẹta ló kàn. Àwọn onímọ̀ ti gbọ́ ìkérora yìí, bí aṣọ ṣe bo orí sí ti wà lára ohun tí wọ́n ń wò báyìí kí wọ́n tó fọwọ́ sí irú.

Fún èyí tó ti wà nílé, ẹ sá a kó gbẹ kọ́rọ́kọ́rọ́, kí ẹ kó o sínú àpò onírọ́bà méjì tó wà nínú àpò kẹta, kí ẹ di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò inú rẹ̀ á kú láìlo oògùn. Olú iléeṣẹ́ NSPRI, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú irè oko, Ìlọrin níbí ló wà. Ẹ lè lọ bi wọ́n.

Kí ni VF tí wọ́n kọ sára páálí tòmátì?

Orúkọ àrùn ni. V àti F jẹ́ àrùn ilẹ̀ méjì, Verticillium àti Fusarium, tó ń mú kí igi rọ láti ìsàlẹ̀ kó sì gbẹ. N jẹ́ aràn ilẹ̀ tó ń ṣe kókó sí gbòǹgbò. Bí lẹ́tà náà bá wà lára páálí, irú yẹn lè dúró dè wọ́n. Àmọ́ èyí tó ń pa tòmátì ní ibi tí omi ń rogún sí, tí igi á rọ lọ́sàn-án kan pẹ̀lú ewé tútù lórí, bakitéríà ló ń fà á, VF kò bá a tan rárá. Ẹ gé ìdí igi yẹn, ẹ tì í bọ omi mímọ́ nínú ife: tí nǹkan funfun bí èéfín bá ń ṣàn jáde, òun ni.

Kí ló dé tí tòmátì òde òní kò dùn?

Ọ̀nà ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kó tòmátì sínú apẹ̀rẹ̀ láti òkè ọya dé Ọjà Mandate fẹ́ èyí tí èèyàn lè jókòó lé, wọ́n sì yan èèpo líle fún un. Ohun kejì kò hàn sí ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tòmátì àtijọ́ máa ń ní àwọ̀ ewé tó ṣú ní èjìká kó tó pọ́n. Àwọn tó ń tún irú ṣe fẹ́ èyí tó ń pọ́n dọ́gba láti orí dé ìdí, ó rẹwà lójú. Ní 2012 ni àwọn onímọ̀ sọ pé àbùdá (ohun tó ń gbé ìwà òbí dé ara ọmọ) tó ń ṣe èjìká aláwọ̀ ewé yẹn wà lára ohun tó ń po ṣúgà sínú èso. Wọ́n ti lé adùn lọ láìmọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbìn fún ọbẹ̀ ilé yín, ẹ wá irú tó ṣì ní èjìká.

Ṣé GMO ni gbogbo rẹ̀?

Rárá. Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ láti òkè, bàbá àti ìyá ni. GMO ni kí wọ́n mú àbùdá kan láti ara ohun mìíràn wá fi sínú ọ̀gbìn ní yàrá àyẹ̀wò. Ní Nàìjíríà, àwọn tó dé ọwọ́ àgbẹ̀ ni òwú, ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2019, àti àgbàdo TELA tí wọ́n kéde ní 2024. Ti ẹ̀wà yẹn, bakitéríà inú ilẹ̀ ni wọ́n ti mú àbùdá, kí kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà nínú èèpo má lè jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tó ń fín oògùn nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ lè fín in lẹ́ẹ̀mejì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà nínú àpò kò sí nínú àdéhùn yẹn o. Ìjiyàn pọ̀ lórí GMO, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn tàbí láti kọ̀. Tòmátì, ata, ilá àti ewédú tí à ń tà kò sí lára rẹ̀.

Ewédú mi tètè ń yọ òdòdó lọ́dọọdún, kò ní ewé mọ́. Ṣé ilẹ̀ ni?

Ó lè jẹ́ ilẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹbè kan hù dáadáa, ẹ gé èyí tó yọ ewé rẹpẹtẹ lọ fún oníbàárà, nítorí òun ló ń pawó. Èyí tó tín-ín-rín tó ti ń yọ òdòdó, ẹ ní ẹ jẹ́ ó di irú. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ tín-ín-rín náà lẹ gbìn. Tẹ́ ẹ bá ṣe é fún ọdún márùn-ún, ẹ ti tún irú ṣe, ẹ̀yìn lẹ kàn tún un ṣe sí. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi òkùn pupa so igi bí ogún tó pẹ́ kó tó yọ òdòdó, tí ewé rẹ̀ sì wù yín. Ẹ má ta wọ́n, bí oníbàárà tilẹ̀ fẹ́ sọkún.

Ẹ sì mọ irú tí ẹ ní. Amúgbàdù ní ewé fífẹ̀, Oníyaya ní ewé tí etí rẹ̀ ya. Ẹ má da kóró méjèèjì pọ̀ sínú ìgò kan. (Kóró ewédú tó kọ̀ tí kò hù, èèpo rẹ̀ ló le. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìyẹn kò kan àtúnṣe irú, wọ́n kàn ń bi mí lójoojúmọ́ ni.)

Mo gbin tàtàṣé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ̀mbọ̀. Ṣé tàtàṣé mi á ta?

Èyí tẹ́ ẹ máa ká lọ́dún yìí kò ní ta. Kóró inú rẹ̀ ló lè ti gba ìwà ṣọ̀mbọ̀, ọmọ rẹ̀ á sì ta yín lẹ́nu lọ́dún tó ń bọ̀. Àgbàdo ni kì í dúró dọdún: tí lẹ́búlẹ́bú àgbàdo pupa bá bọ́ sórí funfun, ẹ máa rí kóró pupa láàárín funfun lọ́dún kan náà.

Ṣé òótọ́ ni pé gàrí pupa kan wà tí kò ní epo?

Òótọ́ ni. Ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n fúnra rẹ̀ ni, nítorí ohun tí ara wa ń sọ di fítámì A, èyí tó ń gba ojú àwọn ọmọdé lọ́wọ́ àrùn. Àwọn àkọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní 2011, ìsopọ̀ bàbá àti ìyá ni wọ́n fi ṣe é. Ànàmọ́ tí inú rẹ̀ pọ́n bí kárọ́ọ̀tì náà wà. Mo fún àgbẹ̀ kan ní Ọ̀fà ní ìtàkùn rẹ̀, ó gbìn ín, ó ta dáadáa. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ din dùndú rẹ̀, ó ní omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò dà bí ànàmọ́ Ọ̀fà tó gbẹ lẹ́nu. Kò gbìn ín mọ́. Èmi ò dá a lẹ́bi. Àwọn onímọ̀ náà mọ̀, èyí tó pọ́n tó sì tún gbẹ lẹ́nu ni wọ́n ń lé kiri.

Kí ló dé tí iṣu kò tètè ní irú tuntun bí àgbàdo?

Igi tó jẹ́ akọ lọ́tọ̀, igi tó jẹ́ abo lọ́tọ̀, òmíràn kì í yọ òdòdó rárá, òdòdó akọ àti abo sì lè má bọ́ sí àsìkò kan náà. Ebù kan náà kì í bímọ púpọ̀. Ẹ ò rí i pé suuru ni?

Báwo ni mo ṣe máa mọ irú tòótọ́?

Èmi náà ti jẹ ẹ́ rí. Mo ra irú ilá kan nínú ọjà, agolo rẹ̀ dán, orúkọ rẹ̀ dùn. Ohun tó hù kò ju ìdajì lọ, èyí tó sì hù jẹ́ oríṣi mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ra irú, mo máa ń ka 100 kóró sórí aṣọ tútù kí n tó gbin oko. Èyí tó hù ní ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa kà. Tí kò bá tó 80, mo dá a padà. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, kí ẹ sì wo àmì NASC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irúgbìn. Irú tí wọ́n bá tún ṣe lábẹ́ òfin, ìgbìmọ̀ kan ló ń fọwọ́ sí i, NACGRAB, iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Ìbàdàn, ló sì ń tọ́jú orúkọ wọn.

Ṣé irú àtijọ́ wa kò ní parẹ́ báyìí?

Ó lè parẹ́ lóko. NACGRAB ní ilé ìpamọ́ irúgbìn, ti IITA sì ní ju 15,000 oríṣi ẹ̀wà lọ, kò sí ibi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń padà sí tí àrùn tuntun bá dé. Àmọ́ wọn kò lè mú ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá. Wọ̀rọ̀wọ́ ìyá yín tó wà lẹ́yìnkùlé kò sí lọ́wọ́ èmi náà.

Mo fẹ́ máa mú irú fúnra mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lórí ìdúró, kí ẹ má dúró di ìgbà tó bá di òkìtì. Tí àgbàdo bá ti di òkìtì, èyí tó tóbi jù lẹ máa yan, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ ààtàn ló ti jẹun. Ẹ wọ àárín oko, kí ẹ mú èyí tó so dáadáa láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ bo orí, tí kò ṣubú. Ẹ mú u lára igi tó tó àádọ́ta ó kéré tán, nítorí àgbàdo tí ìdílé rẹ̀ kéré máa ń rẹ̀yìn kíákíá. Tí aládùúgbò bá gbin òmíràn, ẹ jìnnà sí i ní 200 mítà, tàbí kí ẹ gbin tiyín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tirẹ̀. Tòmátì kò le tó bẹ́ẹ̀, igi márùn-ún tó dára ti tó. Ẹ jẹ́ kó pọ́n dénú, ẹ fún kóró rẹ̀ sínú ife, ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ méjì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbòòji. Kí ẹ kọ orúkọ irú àti ọdún sára ìgò. Ẹ lo ohun tí kò ní pa rẹ́.